Aró ò mú aṣọ òwú dọ́gba? Bí ẹ ṣe máa wá ìdí rẹ̀, láti ibi bílíìṣì dé ibi gbígbẹ aṣọ

Ìbéèrè méjì ló ń wọlé lemọ́lemọ́. Èkíní: "Aró kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni, kí ló wá dé tí aṣọ òní ò jọ ti àná?" Èkejì: "Àwọ̀ rẹ̀ ò dọ́gba, ṣé kí n tún bu aró sí i?" Ẹ jẹ́ ká ti orí èkejì bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń jẹ owó jù: ẹ má tíì bu nǹkan kan sí i.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àbùkù tí ojú ń rí lẹ́yìn aró ti wà lára aṣọ kí aró tó kàn án. Omi ló gbé e wá, tàbí ọ̀rá òwú tí kò jáde tán, tàbí bílíìṣì tó ṣẹ́kù. Aró kàn tú àṣírí rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń bu aró lé aró láìmọ ibi tó ti bàjẹ́ lè sọ aṣọ pupa di dúdú, kí àbùkù náà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Aṣọ tí mò ń sọ ni aṣọ òwú tó ń nà, èyí tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ń hun ní òrùka-òrùka, irú tí wọ́n fi ń rán síńgílẹ́ẹ̀tì àti aṣọ ọmọ ìkókó. Aró tí mò ń sọ ni aró reactive, èyí tó ń lo iyọ̀ àti soda ash. Aró ẹlú ní òfin tirẹ̀. Ẹ má fi ìtọ́sọ́nà yìí ṣe é.

## Ẹ kọ́kọ́ ka ojú àbùkù náà

Ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gbẹ, tó sì ti tutù, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé. Aṣọ tútù máa ń ṣú ju bó ṣe rí gan-an lọ. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù náà ò ṣeé gbà gbọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi ná. Lẹ́yìn náà, ẹ wá èyí tó jọ tiyín:

- Ibì kan ṣú, ibì kan ṣì (àwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ́), tàbí ó ní tóótòòtó: apá 3
- Àwọ̀ dọ́gba, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí oníbàárà fẹ́: apá 4
- Aró ń ṣí nínú omi, tàbí ó ń yí ọwọ́: apá 5
- Ìlà gígùn tó tẹ̀ lé ibi tí aṣọ ti ká: apá 6
- Ìlà ìbú tó ṣe déédéé, kókó funfun, ihò: apá 7
- Aṣọ súnkì tàbí ó lọ́: apá 8
- Aṣọ funfun ń di yẹ́lò: apá 9

Ohun yòówù kó jẹ́, ẹ kọ́kọ́ ka apá 1, kí ẹ má baà máa wá ohun tó wà lábẹ́ imú yín kiri.

## 1. Àyẹ̀wò márùn-ún kí aró tó wọlé

1. Omi. Ẹ bu omi sínú ìgò, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, ẹ mì í dáadáa. Bí kò bá hó, tí èérí funfun sì léfòó, calcium àti magnesium ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọṣẹ gidi ni kí ẹ lò. Ọṣẹ ìyẹ̀fun òde òní ń hó nínú omi èyíkéyìí, kò ní sọ òótọ́ fún yín. Ẹni tó bá ní bébà àyẹ̀wò, kí ó wá omi tí kò ju 50 ppm (ìpín 50 nínú mílíọ̀nù kan) lọ. Bí omi bá le, tí kò sì sí ẹ̀rọ tó ń rọ omi, ẹ lo kẹ́míkà tó ń di mẹ́tà mú (sequestrant), nígbà bílíìṣì, nígbà aró, àti nígbà fífọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ. Àwọn kan ń fi sí ti aró nìkan. Iṣẹ́ ìlàjì nìyẹn.

2. Ṣé aṣọ ń mu omi? Ẹ gé ègé kéékèèké láti ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin aṣọ. Ẹ gbẹ wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n tutù, kí ẹ wá kán omi ẹ̀kán kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3. Bó bá ju 5 lọ, ọ̀rá òwú ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí ibì kan mu ún lójú ẹsẹ̀ kí ibòmíràn máa gbé omi lérí: aró yóò ṣe bákan náà gẹ́lẹ́.

3. Ṣé hydrogen peroxide, kẹ́míkà tí a fi ṣe bílíìṣì, ti tán? Bébà àyẹ̀wò peroxide ni ká fi wò ó, kì í ṣe imú tàbí ìgbàgbọ́. Ẹ fún omi jáde láti inú aṣọ fúnra rẹ̀, ẹ má bu omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ nìkan. Òǹkà rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ 0.

4. pH inú aṣọ (òǹkà tó ń sọ bóyá nǹkan jẹ́ ásíìdì tàbí ó ní kọ́sítíìkì; 7 ni àárín). Ó yẹ kó wà láàárín 6 sí 7. Omi ìta lè ti dára kí kọ́sítíìkì (caustic soda) ṣì fara pamọ́ síbi tí aṣọ ti nípọn, pàápàá níbi ojú rírán tí wọ́n fi so aṣọ méjì pọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ kán omi àyẹ̀wò sí.

5. Ìwọ̀n. Aṣọ gbígbẹ la fi ń ṣírò aró. Ẹni tó bá wọn aṣọ tó ṣì lómi lára ti fi aró kún aró láìmọ̀.

Bí 2, 3 tàbí 4 bá kùnà, ẹ dá a padà síbi bílíìṣì; bó bá jẹ́ omi tàbí ìwọ̀n, ẹ tún un ṣe kí aró tó wọlé. Ìpadà sí bílíìṣì kò ná yín ju wákàtí díẹ̀ lọ. Aṣọ tó ti mu aró tán kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

### Ààbò, ní kúkúrú

- Inú omi la ń da kọ́sítíìkì sí. Ẹ má da omi lé kọ́sítíìkì lórí láé, yóò hó, yóò sì ta sójú.
- Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ìbomú àti gíláàsì ojú. Eruku aró reactive lè sọ àyà ènìyàn di èyí tí kò lè gbà á mọ́ títí ayé, tí yóò fi máa mí gúlegúle ní gbogbo ìgbà tó bá kàn án.
- Háídírósì (sodium hydrosulphite, ìyẹ̀fun tí a fi ń ṣí aró kúrò ní apá 10) gbọ́dọ̀ wà níbi gbígbẹ. Bí ọ̀rinrin bá kàn án, ó lè gbaná fúnra rẹ̀.
- Bílíìṣì onichlorine àti ásíìdì kò gbọdọ̀ pàdé.
- Omi aró tí ẹ ń dà nù kún fún iyọ̀ àti soda. Ẹ má tú u sínú odò.

## 2. Ìlànà tí ẹ lè fi wé tiyín

Àwọn òǹkà yìí kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n bí tiyín bá jìnnà sí wọn, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Bílíìṣì

1. Ẹ fi ọṣẹ tó ń jẹ́ kí aṣọ tètè rin, kẹ́míkà tó ń di mẹ́tà mú, àti òróró tí kì í jẹ́ kí aṣọ hunjọ sínú omi kí aṣọ tó wọlé.
2. Ẹ da kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tó ń tọ́jú peroxide (stabiliser), lẹ́yìn náà peroxide. pH 10.5 sí 11.
3. Ẹ gbé e lọ sí 95 sí 98°C fún ìṣẹ́jú 45 sí 60.
4. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀ dé 80°C kí ẹ tó da omi nù, kí ẹ sì fi omi gbígbóná ṣàn án. Bí ẹ bá fi omi tútù ṣàn án lójijì, ọ̀rá tó ti yọ́ yóò padà lẹ̀ mọ́ aṣọ.
5. Acetic acid, títí pH yóò fi wá sí 6 sí 7.
6. Ẹ́ńsáìmù tó ń pa peroxide (catalase), ní nǹkan bíi 50°C fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ́ńsáìmù yìí kì í ṣiṣẹ́ nínú omi oníkọ́sítíìkì, nítorí náà ẹ má fi ṣáájú ásíìdì.

Aró, fún irú èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní 60°C

1. Omi tuntun, pH 6 sí 6.5. Ẹ jẹ́ kí aṣọ yí nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí nǹkan kan tó wọlé.
2. Ẹ yọ́ aró nínú omi gbígbóná tó rọ̀, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, ẹ máa da á wọlé fún ìṣẹ́jú 20 sí 30.
3. Iyọ̀, ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Àwọ̀ fẹ́rẹ́fẹ́ ń gba gíráàmù 20 sí 30 nínú lítà omi kan. Àwọ̀ tó jinlẹ̀ ń gba 60 sí 80.
4. Ẹ gbé e dé 60°C, kó yí fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán.
5. Soda ash, gíráàmù 10 sí 20 nínú lítà kan, tí ẹ ti yọ́ tí ẹ sì ti sẹ́. Kí ó wọlé láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 45, tín-ín-tín níbẹ̀rẹ̀, kó máa pọ̀ sí i bó ṣe ń lọ.
6. Ìṣẹ́jú 45 sí 60 sí i, kí ẹ tó gé àpẹẹrẹ.

Àwọn aró kan ń fẹ́ 80°C, àwọn mìíràn ń fẹ́ 40°C. Ẹ ka bébà tí ẹni tó ta aró fún yín. Ẹ má sì po aró oní-80 mọ́ oní-40 nínú ìkòkò kan.

## 3. Àwọ̀ tí kò dọ́gba

Apá yìí ló gùn jù, torí òun ni ẹjọ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ di ọ̀rọ̀ kan mú kí ẹ tó ka ìyókù: kí soda ash tó wọlé, aró ṣì lè kúrò níbì kan bọ́ sí òmíràn. Bí soda bá ti wọlé, aró ti so mọ́ òwú, ibi tó jókòó sí ló jókòó sí. Ohun tí ẹ bá fẹ́ kó dọ́gba, kí ó ti dọ́gba kí soda tó dé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé kí ó gé àpẹẹrẹ kan kí soda tó wọlé. Àwọn ènìyàn kì í ṣe é, wọ́n ní àwọ̀ ò tíì pé. Òótọ́ ni, kò tíì pé, ṣùgbọ́n dídọ́gba rẹ̀ ni ẹ ń wò. Bí ó bá rí págunpàgun níbẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 sí 20 kún yíyí rẹ̀, ẹ wo ó bóyá okùn aṣọ (aṣọ tó ká bí okùn nínú ẹ̀rọ) ń rìn dáadáa, kí ẹ tún gé òmíràn. Ìwòsàn tí kò wọ́n nìyẹn. Lẹ́yìn soda, kò sí irú rẹ̀ mọ́.

Bí aṣọ bá ti jáde tán, ẹ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ báyìí:

Ibi tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ́ rí bí kùrukùru, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò mú. Ẹ kán omi sí ibi tó ṣú àti ibi tó ṣì lẹ́yìn tí aṣọ bá ti gbẹ, kí ẹ tó fi kẹ́míkà amáṣọrọ̀ sí i. Bí ibi tó ṣì bá ń lọ́ra láti mu omi, ọ̀rá òwú ni. Ẹ wo gbígbóná bílíìṣì: ṣé ó dé 95°C lóòótọ́, àbí tẹmómítà ló ń purọ́?

Gbogbo rẹ̀ ṣì, àwọ̀ rẹ̀ sì yí padà díẹ̀. Peroxide tó ṣẹ́kù ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ó ń jẹ aró run kí aró tó so mọ́ òwú. Kì í sì jẹ gbogbo aró bákan náà. Nínú àdàlú mẹ́ta, ó lè ba ọ̀kan jẹ́ kó fi méjì sílẹ̀, ni àwọ̀ bá ya síbòmíràn.

Ibi tó kọjú sí ẹnu páìpù tàbí ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ ṣú jù. Iyọ̀ tàbí soda wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń dà á kánjú, tàbí táǹkì rẹ̀ kò ní ohun tó ń dín ìṣàn rẹ̀ kù. Iyọ̀ tí wọn ò yọ́, tí wọ́n dà sínú ẹ̀rọ ní ẹyọ-ẹyọ, ń ṣe ohun kan náà.

Tóótòòtó tó ṣú. Aró tí kò yọ́ tán. Wọ́n lè ti yọ́ ọ nínú omi tútù, tàbí nínú omi tó ti ní iyọ̀, tàbí nínú omi líle tó ń jẹ́ kó dì. Ìfófó tó pọ̀ nínú ẹ̀rọ náà ń gbé aró rìn, ó sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ.

Tóótòòtó tó ṣì. Òróró ẹ̀rọ híhun ni, tàbí kẹ́míkà tó ń pa ìfófó tí ó ní silicone. Ẹ wo aṣọ tí kò tíì mu aró láti ibi kan náà. Òróró máa ń hàn bí ẹ bá gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀.

Àdàlú tó pínyà, bíi kí àwọ̀ ewé ní ibi tó jẹ́ búlúù àti ibi tó jẹ́ yẹ́lò. Aró turquoise ni afurasí. Mólékù rẹ̀ tóbi, ìrìn rẹ̀ lọ́ra, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti jókòó tán kó tó dé. Turquoise ń fẹ́ 80°C, ó sì ń fẹ́ sùúrù pẹ̀lú soda. Bí àwọ̀ ewé náà bá ṣeé mú jáde láti inú búlúù mìíràn àti yẹ́lò, èmi ò ní lo turquoise.

Aṣọ kan dára, èkejì nínú ẹ̀rọ kan náà kò dára. Okùn aṣọ kan dúró tàbí ó lọ́ mọ́ra. Ẹ ka àkókò tí ojú rírán ń gbà láti yí padà sí ibi kan náà. Ìṣẹ́jú 2 sí 3 ló dára. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, aṣọ pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ tàbí fífà rẹ̀ kò lágbára.

## 4. Àwọ̀ dọ́gba, kò jọ àpẹẹrẹ

Ẹ má gbà pé kò jọ títí ẹ óò fi fọ àpẹẹrẹ náà pẹ̀lú ọṣẹ gbígbóná. Aró tí kò so mọ́ òwú ṣì wà lójú rẹ̀, ó ń jẹ́ kó ṣú, ó sì ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Àìmọye aṣọ tí wọ́n ń ṣe àtúnṣe rẹ̀ ni kò nílò àtúnṣe kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn:

- [ ] Ṣé lítà omi jẹ́ iye kan náà? Bí omi bá pọ̀ sí i, aró tó ń wọ ara aṣọ yóò dín kù, àní bí aró bá pé ìwọ̀n.
- [ ] Ṣé iyọ̀ gbẹ? Iyọ̀ tó ti rin wúwo nítorí omi, iyọ̀ inú rẹ̀ kò tó.
- [ ] Ṣé iyọ̀ mọ́? Ẹ yọ́ díẹ̀, ẹ wo pH rẹ̀. Bó bá ju 8 lọ dáadáa, ó ní soda nínú, aró yóò bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ òwú kí ẹ tó ṣe tán.
- [ ] Ṣé aṣọ funfun tó ti ibi bílíìṣì jáde funfun tó ti àtẹ̀yìnwá? Àwọ̀ fẹ́rẹ́fẹ́ kì í bo yẹ́lò mọ́lẹ̀.
- [ ] Ṣé pH lẹ́yìn soda wà ní nǹkan bíi 10.8 sí 11.2?
- [ ] Ṣé abẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà lẹ ti ń wò ó? Aṣọ méjì lè bára mu lójú ọ̀sán kí wọ́n sì yapa lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bi oníbàárà pé irú iná wo ló ń lò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí àwọ̀ rẹ̀ bá fẹ́rẹ́ ju àpẹẹrẹ lọ díẹ̀, aró lè wọ inú omi kan náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí omi tutù kọ́kọ́, ẹ sì máa da á tín-ín-tín, torí soda ti wà nílẹ̀, kò ní dúró de yín. Bí ìyàtọ̀ náà bá pọ̀, ẹ da omi nù, ẹ ṣàn án, ẹ fi ásíìdì pa soda, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìkòkò tuntun. Bó bá ṣú ju àpẹẹrẹ lọ, ẹ tún ọṣẹ gbígbóná gbé e kí ẹ tó ronú nǹkan mìíràn.

## 5. Aró tó ń ṣí

Iyọ̀ kì í "di aró mú" nígbà fífọ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí aró bá ń ṣí, ká rẹ aṣọ sínú omi iyọ̀. Iṣẹ́ iyọ̀ ni láti ti aró lọ síbi òwú, ó sì ń ti aró tó yẹ kó jáde padà pẹ̀lú. Nínú aró reactive, apá kan máa ń bá omi lò pọ̀ dípò òwú. Apá yẹn kò ní so mọ́ nǹkan kan mọ́ títí láé. Ó kàn jókòó sórí aṣọ, ohun kan ṣoṣo tó sì yẹ é ni kó jáde.

Ẹ tẹ̀ lé e báyìí:

1. Ẹ da omi aró nù, ẹ fi omi tútù ṣàn án, lẹ́yìn náà pẹ̀lú omi 40 sí 50°C, títí iyọ̀ yóò fi jáde. Ìgbà méjì ó kéré tán.
2. Acetic acid, kí pH wá sí 6 sí 7. Bí ẹ bá gbé aṣọ tó ṣì ní soda lọ sínú omi híhó, ẹ lè já aró tó ti so mọ́ òwú.
3. Omi 80°C, ìṣẹ́jú 10. Ẹ dà á nù.
4. Ọṣẹ, nínú omi tó rọ̀, ní 90 sí 95°C, ìṣẹ́jú 10 sí 15. Àwọ̀ fẹ́rẹ́fẹ́, ẹ̀ẹ̀kan. Dúdú, pupa, búlúù tó jinlẹ̀ àti turquoise, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta.
5. Omi gbígbóná, lẹ́yìn náà omi tútù.
6. Àyẹ̀wò: ẹ rin aṣọ náà, ẹ fi aṣọ òwú funfun lé e, kí ẹ tẹ áyọ́ọ̀nù gbígbóná mọ́ wọn. Bí funfun bá gba àwọ̀, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 4 lókè yìí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n ń fò láti orí aró lọ sórí ọṣẹ gbígbóná, kí iyọ̀ ṣì kún inú aṣọ. Ọṣẹ mẹ́rin ò lè ṣe ohun tí omi ìṣàn méjì ì bá ti ṣe.

Kẹ́míkà tó ń di aró mú (fixer) wà, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn ni. Ó lè yí àwọ̀ padà, ó sì lè jẹ́ kí àwọn aró kan tètè ṣì lójú oòrùn. Ẹni tó bá fi dípò ọṣẹ ti tì ìdọ̀tí mọ́nú ilé.

Ní ti àyẹ̀wò fífi aṣọ funfun pa ojú aṣọ aláró láti wò ó bóyá aró ń yí, ẹ máa rí i pé dúdú àti pupa tó jinlẹ̀ kì í gba máàkì gíga bí aṣọ bá tutù, bí ẹ ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ẹ sọ èyí fún oníbàárà kó tó fọwọ́ sí i, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Irun òwú tó dúró lójú aṣọ ń dá kún un. Ẹ́ńsáìmù cellulase, ní pH 4.5 sí 5.5 àti 50 sí 55°C, ń gé irun náà kúrò. Ẹ rí i dájú pé ẹ pa á nípa gbígbé omi lọ sí 80°C lẹ́yìn rẹ̀, kí ó má baà máa jẹ aṣọ náà lọ.

## 6. Ìlà ìhunjọ

Aṣọ tó ń nà tí ó ká ní okùn nínú ẹ̀rọ, tí ó sì dúró síbi ìká kan náà pẹ́, yóò gba àmì. Ó sábà máa ń jẹ́ nígbà bílíìṣì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn aró la tó ń rí i, torí náà aláró ló ń jẹ ẹ̀bi.

- Ẹ má gbóná, ẹ má sì tutù ju 1 sí 2°C lọ ní ìṣẹ́jú kan.
- Òróró tí kì í jẹ́ kó hunjọ gbọ́dọ̀ ti wà nínú omi kí aṣọ tó wọlé.
- Ẹ dín aṣọ kù nínú ẹ̀rọ, tàbí ẹ bu omi kún un.
- Ẹ má fi aṣọ tútù sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ di ọjọ́ kejì.
- Bí aṣọ bá rí bí páìpù, afẹ́fẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ ń jẹ́ kí ìká yí ipò padà.

Ìhunjọ tí kò bá jáde lábẹ́ áyọ́ọ̀nù olóoru kò ní jáde mọ́. Ẹ gé aṣọ náà síbi tí kò ti hàn, tàbí ẹ pa á ní àwọ̀ tó jinlẹ̀.

## 7. Ìlà ìbú, kókó funfun, ihò

Ìlà ìbú tó ń padà wá ní ìwọ̀n kan náà kì í ṣe ẹ̀bi aró. Ẹ tú òwú jáde láti inú ìlà tó ṣú àti èyí tó ṣì. Ẹ wọ̀n gígùn kan náà wò. Bí ìwúwo wọn bá yàtọ̀, tàbí òrùka kan bá gùn ju èkejì, iṣẹ́ ẹni tó hun aṣọ ni, tàbí ó po òwú láti ìdì méjì pọ̀. Àwọ̀ tó jinlẹ̀ gan-an lè bo díẹ̀ mọ́lẹ̀. Kì í wò ó sàn.

Kókó funfun kéékèèké tí kò mu aró ni òwú tí kò gbó, tí ara rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ. Kò ní ibi tí aró máa dì mú. Fífi kọ́sítíìkì tó lágbára ṣe aṣọ (mercerising) ń dín in kù, yíyan aró ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ ra òwú tó gbó ni ọ̀nà àbáyọ gidi.

Ihò. Bí ihò bá tò sórí ìlà kan, abẹ́rẹ́ ni. Bó bá fọ́n káàkiri, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì rọ, ìpẹtà irin pàdé peroxide: irin ń mú kí peroxide jẹ òwú níbi kan. Ẹ wo páìpù omi yín.

## 8. Súnkì àti lílọ́

Ẹ̀rọ agbẹṣọ tó ń fa aṣọ gùn nígbà tó tutù ló ń jẹ́ kó súnkì lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ẹ má na án láti fi gba mítà púpọ̀. Ẹ jẹ́ kó wọlé sórí ẹ̀rọ pẹ̀lú ìdẹ̀ díẹ̀, kó gbẹ ní ìrọ̀rùn, kí compactor (ẹ̀rọ tó ń ti aṣọ pọ̀) wá pa á pọ̀. Ẹ sàmì sí 50 cm lórí ègé kan, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tún wọ̀n ọ́.

Lílọ́, tí ojú rírán ẹ̀gbẹ́ fi ń yí wá síwájú, ń ti inú òwú tí wọ́n lọ́ jù wá. Ẹ lè tọ́ aṣọ nígbà gbígbẹ kó tọ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti kan omi, yóò padà. Ẹ wọ̀n ọ́ lẹ́yìn fífọ̀ ni, kì í ṣe ṣáájú.

## 9. Funfun tó ń di yẹ́lò

- Lójú ẹ̀rọ agbẹṣọ: ooru pọ̀ jù, kọ́sítíìkì ṣẹ́kù, tàbí kẹ́míkà amáṣọrọ̀ tí kò bá funfun mu.
- Nínú náílọ́ọ̀nù, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀: kẹ́míkà BHT inú náílọ́ọ̀nù pàdé èéfín ọkọ̀ tàbí ti ẹ̀rọ. Ẹ kán acetic acid fífúyẹ́ sí i. Bí yẹ́lò bá pòórá, òun ni. Ẹ jẹ́ kí pH aṣọ tí ẹ ń dì wà lábẹ́ 7 díẹ̀, ẹ sì béèrè náílọ́ọ̀nù tí kò ní BHT.

## 10. Bó bá di dandan kí ẹ ṣí aró kúrò

Ẹ kọ́kọ́ béèrè: ṣé aṣọ yìí lè di dúdú tàbí búlúù tó jinlẹ̀? Bó bá lè ṣe é, tí oníbàárà mìíràn sì wà fún un, ìyẹn sàn ju ṣíṣí lọ. Ṣíṣí ń jẹ agbára òwú, àwọn aró kan kì í sì jáde tán.

Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn:

1. Ẹ dán an wò lórí ègé kan. Ẹ fa ègé náà lẹ́yìn rẹ̀; bó bá tètè ya, ẹ dúró.
2. Bí ẹ bá ti lo fixer, ẹ yọ ọ́ kúrò kọ́kọ́, torí kò ní jẹ́ kí aró jáde.
3. Háídírósì gíráàmù 5 sí 10 nínú lítà omi kan, pẹ̀lú kọ́sítíìkì, ní 80 sí 90°C, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Ẹ ṣí fèrèsé, òórùn rẹ̀ le.
4. Ẹ ṣàn án dáadáa ní omi gbígbóná.
5. Bí àwọ̀ bá ṣì kù, ẹ gbé e gba bílíìṣì peroxide lẹ́ẹ̀kan.
6. Ásíìdì, ẹ́ńsáìmù, lẹ́yìn náà gbogbo àyẹ̀wò apá 1, láti orí 1 dé 5, bí ẹni pé aṣọ tuntun ni.
7. Ẹ tún ìwé ìṣirò aró ṣe. Aṣọ tí wọ́n ti ṣí kì í mu aró bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ pa ègé kékeré láró kí gbogbo rẹ̀ tó wọ ẹ̀rọ.